Sinners àbí Weapons, From àbí Adolescence: irú ẹ̀rù wo lẹ fẹ́ wò?

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wo fíìmù tó ń dẹ́rù bani kò tíì sọ irú èyí tó fẹ́. Ìjáyà wà: ìlẹ̀kùn á gbá gbàà, ẹ ó ta gìrì, á tán síbẹ̀. Orí wíwú wà: ohun kan ò tọ́ nínú yàrá, ẹ ò tíì mọ ohun náà, ẹ̀yìn ọrùn yín ti ń tutù. Èyí ló máa ń bá èèyàn dórí ibùsùn. Ìríra náà wà, ti ẹ̀jẹ̀ àti egbò, tó ń mú kéèyàn fọwọ́ bojú. Bí ẹnì kan bá ní fíìmù kan ò ba òun lẹ́rù rárá, tí ẹlòmíì sì ní òun ò rí oorun sùn lórí fíìmù yẹn kan náà, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ pé orí wíwú ni fíìmù náà ń tà, ìjáyà sì ni ẹni àkọ́kọ́ wá rà.

Ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀ ni èèwọ̀ inú ìtàn náà. Má ṣílẹ̀kùn lálẹ́. Má pè é wọlé. Má mú owó ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi àlọ́ tọ́ dàgbà mọ èyí kó tó mọ tẹlifíṣàn. Ẹ bi fíìmù léèrè: ṣé wọ́n sọ èèwọ̀ náà fún wa kí ẹnikẹ́ni tó tàpá sí i, àbí wọ́n fi pamọ́? Ta ló tàpá sí i, kí ló sún un débẹ̀? Ṣé ẹ̀san tó tẹ̀ lé e bá ohun tí wọ́n ti sọ mu? Fíìmù tó bá yí òfin ara rẹ̀ padà ní ìṣẹ́jú 20 tó gbẹ̀yìn kí olórí eré lè là á já, ẹ ó kàn rí i pé inú ń bí yín nígbà tó parí. Àwọn tí a ó fi wéra níbí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe irú ìyẹn, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà lo èèwọ̀ yàtọ̀ síra gan-an, ibẹ̀ sì ni yíyàn wà. A ò ní sọ bí èyíkéyìí ṣe parí, àmọ́ a ó ṣí díẹ̀ nínú ohun tó wà láàárín.

Sinners àti His House

Wunmi Mosaku, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Zaria tó sì dàgbà ní Manchester, wà nínú méjèèjì, ó sì ṣe bẹbẹ nínú méjèèjì.

Sinners jáde lọ́dún 2025. Ryan Coogler ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀, ìṣẹ́jú 137 ni. Ìlú Clarksdale ní ìpínlẹ̀ Mississippi ni, ọdún 1932. Ìbejì kan, Smoke àti Stack, tí Michael B. Jordan ṣe méjèèjì, ti Chicago dé pẹ̀lú owó. Wọ́n ra ilé ìlagi àtijọ́ kan lọ́wọ́ òyìnbó, wọ́n sọ ọ́ di ilé ijó fún àwọn èèyàn wọn, wọ́n sì ṣí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Lóru ni àwọn fámpáyà dé ẹnu ọ̀nà. Èèwọ̀ tiwọn ni pé wọn ò lè wọlé onílé àfi bí onílé bá pè wọ́n wọlé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe lò ó. Cornbread, ọkùnrin gìrìwò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, jáde lọ tọ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tó padà dé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé. Ìlẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Ẹni tó ti ń wọlé tó ń jáde láti ìrọ̀lẹ́, kí ló dé tó ń tọrọ àyè? Annie, ìyàwó Smoke, tó mọ ewé tó mọ egbò, tí Mosaku ṣe, ló kọ́kọ́ fura. Kò sí orin arò lábẹ́ rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin kan ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, orí yín á sì wú. Wọ́n lè ṣe é báyìí nítorí pé wọ́n ti kọ́ wa ní èèwọ̀ náà ṣáájú, ní ilé tọkọtaya kan níta ìlú, níbi tí àwọn ọdẹ ọmọ Choctaw ti wá kìlọ̀ tí wọn ò gbọ́ wọn. Lẹ́yìn náà Annie ní kí gbogbo ẹni tó ṣẹ́ kù nínú ilé jẹ áyù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti yí padà. Àwọn èèyàn tó fẹ́ràn ara wọn ń wo ẹnu ara wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, ìran yẹn sì ju ìjà tó tẹ̀ lé e lọ.

Ohun tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé ó ń falẹ̀. Wákàtí àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìtàn ìlú lásán: wọ́n ń kó olórin jọ, wọ́n ń ra ẹja, wọ́n ń wá ẹni tí yóò kọ pátákó ìpolówó. Ẹni tó wá fún ẹ̀jẹ̀ lè rò pé òun ṣi fíìmù gbé. Ẹ má fò ó. Iye ìgbà tí ẹ bá lò pẹ̀lú àwọn èèyàn yẹn ni ikú wọn yóò ṣe dùn yín tó. Àárín rẹ̀ sì ni ìran kan wà tí ọmọ Yorùbá ò ní nílò àlàyé fún: ọ̀dọ́mọkùnrin Sammie ń kọrin, orin náà ya ìbòrí láàárín ayé, àwọn baba ńlá dìde, àwọn tí wọn ò tíì bí náà yọ sójú agbo, onílù ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígítà iná. Àbùkù rẹ̀ lójú tiwa ni pé ìjà ìkẹyìn pẹ̀lú àwọn fámpáyà ń sáré ju bí wọ́n ṣe múra sí i lọ. Ìjà kejì tó tẹ̀ lé e, tí àwọn kan ní kò pọn dandan, gbèsè ni: láti ìgbà tí wọ́n ti ra ilé yẹn lọ́wọ́ ọkùnrin tó tà á ni wọ́n ti jẹ wá. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ má dìde. Ìran ọdún 1992 kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú àgbà olórin Buddy Guy, ìtàn náà kò sì pé láìsí i.

His House kéré jù ú lọ: ìṣẹ́jú 93, ọdún 2020, Remi Weekes ló darí rẹ̀, fíìmù yìí ló sì jẹ́ kó gba BAFTA, àmì ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Bìrìtìkó, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bol àti Rial, tí Sope Dirisu àti Mosaku ṣe, sá ogun kúrò ní South Sudan, wọ́n la òkun kọjá, ìjọba Bìrìtìkó sì fún wọn nílé kan tí ògiri rẹ̀ ti ń ṣí. Èèwọ̀ méjì ló wà lórí ilé kan ṣoṣo yìí. Ti ìjọba: ẹ ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ kó lọ síbòmíì, ẹ gbọ́dọ̀ máa wá fojú hàn. Ti ìlú wọn: ohun tí wọ́n ń pè ní apeth máa ń tẹ̀ lé olè délé láti gba gbèsè. Nínú fíìmù ilé tí iwin wà, ìbéèrè tí gbogbo ayé máa ń bi tẹlifíṣàn ni pé, "Kí ló dé tí wọn ò kó jáde?" Níbí, bí wọ́n bá kó jáde, wọ́n lè dá wọn padà sínú ogun. Ìdáhùn yẹn gan-an ló bani lẹ́rù ju ọwọ́ tó ń yọ lára ògiri lọ.

Ìran kékeré kan wà tó fi gbogbo ìjà àárín tọkọtaya náà hàn: Bol fẹ́ kí wọ́n máa jókòó sórí tábìlì, kí wọ́n máa fi fọ́ọ̀kì jẹun bí òyìnbó, Rial fẹ́ jókòó sílẹ̀, kó fọwọ́ jẹun, ó ní irin nìkan lòun ń tọ́ wò lẹ́nu. Ẹni tó bá ti gbé ìlú òyìnbó rí á mọ̀ pé wọn ò ṣàsọdùn. Ìdajì àkọ́kọ́ lo ìjáyà púpọ̀, iná tó ń kú tó ń tàn, òjìji tó ń kọjá, díẹ̀ nínú wọn sì ti di àṣà. Ẹ fara dà á. Nígbà tí wọ́n bá fi ohun tí gbèsè náà jẹ́ hàn, ẹ̀rù yẹn á yí padà di ìbànújẹ́ tó wúwo.

Láàárín méjèèjì, bí ẹ bá ní tẹlifíṣàn ńlá àti èèyàn mẹ́ta mẹ́rin nílé, Sinners ni. Téèpù fíìmù fífẹ̀ onímìlímítà 65 ni wọ́n fi ya á, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì gbòòrò débi pé lórí fóònù á di tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú. His House dára fún ẹni kan tàbí méjì, lóru, pẹ̀lú íyáfóònù, kò sì ní bàjẹ́ lórí fóònù nítorí pé inú yàrá kótópó ló ti ṣẹlẹ̀.

Weapons àti 28 Years Later

Ọdún 2025 náà ni méjèèjì. Weapons ti Zach Cregger gba ìṣẹ́jú 128. Ní agogo 2:17 òru, ọmọ 17 láti kíláàsì kan ṣoṣo jí, wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé wọn, wọ́n na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sá wọ òkùnkùn lọ. Ọmọ kan péré ló kù ní kíláàsì náà. Àwọn òbí kọjú sí olùkọ́ wọn, Justine.

Níbí wọ́n fi èèwọ̀ pa mọ́ fún wa, èyí tó jẹ́ òdì kejì Sinners pátápátá. A ò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe, a ò mọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n pín ìtàn náà sábẹ́ orúkọ èèyàn mẹ́fà, ẹnì kan lẹ́yìn èkejì, lemọ́lemọ́ ni wọ́n sì ń padà sẹ́yìn kí a lè tún fi ojú ẹlòmíì rí ohun tí a ti rí. Ohun tó ń bàjẹ́ níbí ni pé ẹni tó bá ń tẹ fóònù lọ́wọ́ á pàdánù okùn ìtàn. Bí orúkọ tuntun bá yọ lójú tẹlifíṣàn, ẹ mọ̀ pé àsìkò ti padà sẹ́yìn.

Ìran kan: Justine sùn lọ nínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé ọmọ tó kù yẹn. Ìlẹ̀kùn ilé ṣí. Obìnrin kan jáde, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń fà lókùn, ó wọ inú ọkọ̀, ó fi sísọ́ọ̀sì gé díẹ̀ nínú irun Justine, ó padà sílé. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó wo ìran yìí ń bi ara wọn pé kí ni irun wà fún. Ọmọ Yorùbá ti mọ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé kó má fi irun orí àti èékánná sílẹ̀ kiri ti fi ọ̀nà gígùn ṣáájú fíìmù náà, ẹ̀rù rẹ̀ sì pọ̀ sí i ni, kò dín kù. Nítorí ìran yìí la ṣe sọ pé fíìmù náà kò rẹ́ wa jẹ: gbogbo ohun tó fi ṣàlàyé ara rẹ̀ níkẹyìn ti wà lójú wa tẹ́lẹ̀. Ìparí rẹ̀ da ẹ̀rín pọ̀ mọ́ ìpayà, àwọn kan ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Tiwa ni pé ó bá a mu. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: ìríra inú rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ níbi tó wà, ó le gan-an, ti orí àti ojú ni. Ní Bìrìtìkó, ọjọ́ orí 18 ni wọ́n fi sí i, nígbà tí Sinners gba 15.

28 Years Later, tí Danny Boyle darí, ìṣẹ́jú 115, wà fún ẹni tó fẹ́ sáré. Àwọn èèyàn kan ń gbé ní erékùṣù Holy Island ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó so wọ́n mọ́ ilẹ̀ ńlá, omi òkun máa ń bò ó mọ́lẹ̀ bó bá kún. Òfin wọn ṣe kedere: ẹni tó bá jáde lọ tí kò padà, ẹnikẹ́ni ò ní wá a lọ. Baba kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 12, kọjá sí òdì kejì, níbi tí àwọn tí àrùn ti sọ di ẹhànnà ti ń lé èèyàn kiri. Fóònù iPhone ni wọ́n fi ya apá kan nínú rẹ̀, ó sì hàn: àwòrán ń fò, ó ń gún ni lójú, ó bá ìsáré náà mu. Àmọ́ láti àárín, fíìmù náà fi ìlépa sílẹ̀ ó di ìtàn ikú àti ìdágbére, ohun tó sì kẹ́yìn rẹ̀ já lójijì nítorí pé ìtẹ̀síwájú rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Bí ẹ bá kórìíra ìtàn tí kò parí, ẹ yẹra fún un. Ẹ ò nílò láti wo 28 Days Later, fíìmù ọdún 2002 tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó wò ó.

Tilé

Ẹni tó bá fẹ́ èèwọ̀ tó mọ̀ láti ilé, ẹ gbé Araromire ti Kunle Afolayan, ọdún 2009, sẹ́gbẹ̀ẹ́ Juju Stories ti ọdún 2021. Nínú Araromire, àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó ń sin ilẹ̀ baba wọn rí ère òrìṣà kan ní ojúbọ tí wọ́n ti pa tì. Wọ́n gbé e. Ọdún méje ọlà, ọdún méje òfò ni òfin rẹ̀. Agbára fíìmù yìí ni pé kò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá òrìṣà ló ń jà tàbí ọwọ́ ọmọ aráyé. Àríyànjiyàn tó ń tẹ̀ lé e nínú pálọ̀ sàn ju fíìmù mìíràn lódindi lọ. Juju Stories jẹ́ ìtàn mẹ́ta láti ọwọ́ olùdarí mẹ́ta. Èyí tí wọ́n pè ní Yam ló wá láti ẹnu àwọn ọmọ Èkó gan-an: ẹni tó bá mú owó nílẹ̀ lójú títì á di iṣu. Ó tutù, kò pariwo, ẹni tó ń retí ariwo Nollywood á rò pé nǹkan kan sọnù. Ìtàn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ló dá wa lójú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

From àti Adolescence

Eré àtìgbàdégbà ni méjèèjì. From bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022. Ìlú kan wà tí ẹni bá wakọ̀ wọ̀ ọ́ kò lè jáde mọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ẹ̀dá kan tó gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀ á jáde. Wọn kì í sáré. Wọ́n á rìn jẹ́jẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kan fèrèsé, wọ́n á bẹ̀bẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń gbé kọ́ sínú ilé: bó bá wà níbẹ̀, tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sì wà ní títì, wọn ò lè wọlé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo eré náà, ọmọdébìnrin kan ṣí fèrèsé fún "ìyá ìyá" rẹ̀ tó dúró síta. Èèwọ̀ náà kò tún nílò àlàyé mọ́.

Ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́ ní apá 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. Bí wọ́n bá dáhùn ìbéèrè kan, wọ́n á bí mẹ́ta sí i. Ìmọ̀ràn wa: ẹ wo ìpele kìíní dé ìparí. Bí ohun tó gbà yín lọ́kàn bá jẹ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé pọ̀ nínú ìhámọ́, ẹ máa bá a lọ. Bó bá jẹ́ pé ìdáhùn lẹ ń wá, ẹ dúró síbẹ̀.

Adolescence, ọdún 2025, apá mẹ́rin péré. Ọlọ́pàá já ilẹ̀kùn ilé kan ní àárọ̀ kùtù, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọdún 13 lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Kò sí iwin níbẹ̀. Wọ́n ya apá kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìgé kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí ojú yín ò fi ní ríbi sinmi. Bí ẹ bá dá a dúró láti lọ bu omi mu, ẹ ti já okùn náà, nítorí náà ẹ ṣe gbogbo ohun tó yẹ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jókòó máa retí ẹni tó ṣe é, wọn ò fi bò wá pẹ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò ni ìdí. Apá kẹta jẹ́ yàrá kan, tábìlì kan, obìnrin onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan tó gbé kọ́kọ́ gbígbóná fún ọmọ náà, àti ìbéèrè. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ṣàwàdà, ó bínú, ó tún padà di ọmọdé. Kò sí fámpáyà kankan lórí àkójọ yìí tó mú orí wa wú tó ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ìbéèrè yẹn.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́

Lórí fóònù, Netflix fúnra wọn ní bí ẹ bá fi sí ibi tó ń ṣọ́ dátà, GB kan á gbé yín fún nǹkan bíi wákàtí 6. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 4. Bó bá wà níbi tó ga jù, GB kan lè tán láàárín ìṣẹ́jú 20. Àmọ́ fíìmù ẹ̀rù yàtọ̀ sí àwàdà. Òkùnkùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òkùnkùn sì ni ṣíṣọ́ dátà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́: ibi dúdú á là sí onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, ohun tó dúró sí igun yàrá á sì di àbàwọ́n. Bí ẹ bá ní Wi-Fi níbikíbi, ẹ wà á sórí fóònù níbẹ̀ ní ipò tó dára kẹ́ ẹ tó délé.

Ohùn náà ń kọ́? Wọ́n po ohùn wọn fún sinimá. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ á lọ sílẹ̀, ẹ ó yí i sókè, ariwo òjijì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ yín létí. Púpọ̀ nínú tẹlifíṣàn ní ipò alẹ́ nínú ètò ohùn wọn, tó ń fa ariwo sílẹ̀ tó sì ń gbé ọ̀rọ̀ sókè. Ẹ tàn án. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké lẹ́yìn ilé, ẹ fi His House àti Adolescence sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, ìdákẹ́jẹ́ ni agbára wọn, jẹnẹrétọ̀ á sì jẹ ẹ́ tán. Weapons àti 28 Years Later lè fara dà á. Ẹ pa gílóòbù tó bá wà lọ́ọ̀ọ́kán tẹlifíṣàn, kẹ́ ẹ má baà máa wo òjìji ara yín lójú rẹ̀ fún wákàtí méjì. Bí ìrìn àwọn òṣèré bá ń yọ̀ lọ́nà àìdáa, bí ìròyìn orí tẹlifíṣàn, ẹ wá ibi tó ń mú kí ìrìn àwòrán máa yọ̀ (Motion Smoothing) nínú ètò rẹ̀, ẹ pa á.

Ti àwọn ọmọ: bí ọmọ ọdún 13 tàbí 14 bá wà nílé, Adolescence ni a ó gbà yín níyànjú láti wò pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ kí òbí kọ́kọ́ dá wò ó. Lẹ́yìn apá kejì, tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ paná, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣàlàyé fún yín ohun tí àwọn àmì kéékèèké tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù túmọ̀ sí.